Ọfà Tí Tíṣà Yà

Mò ń dúró gba bátìrì sólà mi ní ìsọ̀ kan ní Alákijà, ni tíṣà àgbà kan bá pàdé obìnrin tó kọ́ ní sáyẹ́ǹsì nígbà kan, tó ti wá di oníṣẹ́ iná.

“Ọmọ-ọmọ mi sọ pé ọ̀dọ̀ nẹ́gétíìfù ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wáyà ti ń sáré lọ sí pọ́sítíìfù. Òdìkejì ni mo ya ọfà tó ń júwe ibi tí iná ń gbà sí fún yín! Ṣé irọ́ ni mo fi kọ́ yín?”

“Rárá, sà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ti fẹnu kò sórí ọfà yẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣì ń yà á. Òun ni mo fi so sólà ilé mi ní Festac. Ẹ yà sọ́dọ̀ mi lálẹ́, kí ẹ wá wo bí ọfà yín ṣe ń tàn.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó fìka ya ọfà sórí páálí bátìrì mi. “Báyìí ni mo ṣe yà á, àbí?”