Jáde Ni Wọ́n Fẹ́ Sọ Ọmọ Wa

Nígbà tí èmi ṣì jẹ́ ọmọge, tí mo ń ru obì láti Ibido lọ sí Sábó ní Ṣàgámù níbí, kò sí ẹni tó ń fi orúkọ mi rẹ́rìn-ín. Málọmọ́. Bí àgbà kan bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ wo ojú mi, yóò ní, "Ìwọ nìyẹn? O ò ní lọ mọ́ o." Èmi náà á ní mi ò lọ mọ́. Àdúrà ni. Kí n tó dé Sábó, wọ́n á ti gbàdúrà fún mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀yin ńkọ́? Orúkọ yín, àfi kí ẹ jókòó ṣàlàyé ẹ̀ kí èèyàn tó mọ ohun tí òun ń pè.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Kúnlé, má tíì tú bébà yẹn. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹ látàárọ̀. Ìyàwó ẹ ò tíì bí, ẹ ti to orúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ra nǹkan ọbẹ̀. Màá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Ìyá mi bí ọmọ mẹ́rin ṣáájú mi. Kò sí èyí tó pé ọdún méjì nínú wọn. Ìyá bàbá mi ló sọ mí lórúkọ. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù ni, kì í bẹ ọkọ, kì í bẹ ìjòyè. Wọ́n ní ó gbé mi dúró láàárín agbo ilé, ó ní, "Ìwọ yìí, mo bẹ̀ ọ́, má lọ mọ́. Ó ti rẹ̀ wá." Ọmọ ọjọ́ méje ló ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ wò mí. Mo lé ní àádọ́rin ọdún. Mo sin ìyá àgbà yẹn, mo sin bàbá mi, mo sin ìyá mi. Ta ló máa wá sọ fún mi pé orúkọ ò ṣiṣẹ́?

Ṣadé sọ ọ́. Ìyàwó Bánjọ ọmọ mi, Bánjọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Kúnlé níbí. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ní ìdí tó fi sọ ọ́. Oṣù márùn-ún ni àkọ́bí rẹ̀ lò láyé. Nígbà tó bí èkejì, èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún mi, mo mọ ohun tí màá sọ ọ́. Dúróṣinmí. Ẹnu mi yìí ni mo fi pè é. Eyín ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ méjì... Dúróṣinmí ò dúró. Kò sin ẹnì kankan. Àwa la sin ín.

Ìgbà tó bí ẹ̀kẹta, obìnrin ni. Simawa ni wọ́n ń gbé, kí Bánjọ lè tètè máa rí mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ó ku ọjọ́ méjì ká sọ ọmọ lórúkọ, mo lọ kí wọn, Bánjọ na ìwé ètò kan sí mi. Wọ́n ti tẹ orúkọ ọmọ sí i lára. Nígbà tiwa, ta ló ń pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ tó pé? Mo gbé ìgò ojú mi wọ̀. Ẹ mọ̀ pé mo kàwé àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ Yorùbá kà. Mo kà á. J, a, d, e. Mo tún un kà. Jáde.

Ilé tí ọmọ méjì ti jáde lọ, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún ẹ̀kẹta pé kóun náà jáde?

Bánjọ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Jéèdì ni wọ́n ń pè é, pé orúkọ òyìnbó ni, àwọn gbọ́ ọ nínú fíìmù kan ní tẹlifíṣọ̀n. Mo ní òyìnbó mélòó ló wà ní Ṣàgámù tó máa bá yín pè é ní Jéèdì? Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, ẹnikẹ́ni ò ní máa lé ọmọ ọmọ mi síta láàárọ̀ lálẹ́. Mo sọ púpọ̀. Ẹ mọ ẹnu mi.

Ṣadé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, òkúta iyebíye kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tutù, àwọ̀ ewé ló ní. Òkúta kì í kú."

Mo bọ́ ìgò ojú mi. Ó ní, "Mo bẹ Dúróṣinmí. Mo bẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru, orúkọ tí ẹ sọ ọ́ náà ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní bẹ ọmọ mọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí èyí máa jẹ́ òkúta."

Kí lẹ̀yin ì bá sọ? Èmi dìde, mo gba ilé mi ní Ofin níbí lọ, mo lọ jókòó ti obì mi, mo ń bó o. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n ṣé mo gbà? Mi ò gbà o.

Lọ́jọ́ ìkómọ, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé. Oyin àti Bíbélì nìkan ló fẹ́. Èmi ti mú obì, orógbó, ataare àti iyọ̀ tèmi lọ, mo tò wọ́n kalẹ̀, mo bu omi sínú abọ́. Ní ilé wa, ẹni tó bá ti sọ nǹkan sínú omi yẹn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ lórúkọ. Pásítọ̀ kankan ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Wọ́n pe Jéèdì, wọ́n pe Olúwadáre, wọ́n pe èyí, wọ́n pe tọ̀hún. Mo sọ owó tèmi sómi, mo ní, "Málọmọ́."

Pásítọ̀ húkọ́. Ó ní Màmá, irú orúkọ yẹn ti kọjá, Jésù ti gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní mo gbọ́, sà. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí akọ̀wé fi kọ ọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí. Ṣadé ò wo ojú mi.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Òun ń pè é ní Jéèdì, èmi ń pè é ní Málọmọ́, ọmọ ń jẹ́ méjèèjì. Nígbà tó tó ilé ìwé lọ, wọ́n fi í sọ́dọ̀ mi ní Ofin, á máa lọ sí Simawa lópin ọ̀sẹ̀. Tíṣà tuntun kan dé sí kíláàsì wọn. Ó ṣí ìwé orúkọ láàárọ̀, ó ń pè wọ́n, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó ní, "Jáde."

Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni. Ó dìde, ó jáde. Ó dúró sínú oòrùn títí wọ́n fi lu aago. Lọ́jọ́ kejì, "Jáde." Ó tún jáde. Lọ́jọ́ kẹta ni tíṣà tẹ̀ lé e síta, ó ní ta ló ní kó wá dúró síbí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí mi. Ó kù díẹ̀ kí n jó. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, Bánjọ ti wá mú ọmọ lọ. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, èmi náà wọkọ̀ lọ sí Simawa. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń to ẹjọ́ tí màá rò. Màá ní, Ṣadé, mo sọ àbí mi ò sọ?

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọ wà lórí ẹní, ibà ti mú un láti àárọ̀, giri ti dé sí i, ojú ẹ̀ ti lọ sókè. Bánjọ ti sáré lọ wá mọ́tò. Ṣadé nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ún, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ẹ gbọ́ ohun tó ń pè.

"Málọmọ́. Málọmọ́, mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, Málọmọ́."

Kò pe Jéèdì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹjọ́ tí mo tò wá, mi ò mọ ibi tó gbà. Mo fẹ̀yìn rìn padà sí ojúde. Mo húkọ́, mo kí onílé sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ó ti ń pe Jéèdì. A jọ gbé ọmọ sínú mọ́tò, a gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Òun ló ń fo okùn lẹ́yìnkùlé yẹn, tí ẹ ń gbọ́ ariwo ẹ̀.

Mi ò sọ fún Ṣadé rí pé mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì gbọdọ̀ sọ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ padà sílé ìwé, mo rí ìwé rẹ̀, orúkọ tuntun wà lẹ́yìn ẹ̀. Málọmọ́. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá ẹ̀. Kò bá mi sọ ọ́, èmi náà ò bi í. Bí ara ọmọ bá sì gbóná díẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí, tí kò sí ẹni tó ń gbọ́, mo máa ń pè é ní Òkúta. Ìyẹn ò sọ pé mo juwọ́ sílẹ̀ o! Mi ò juwọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kankan. Orúkọ òyìnbó tí ẹ ń kó jọ láyé òde òní, mi ò fẹ́ ẹ, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ dé ọjọ́ tí mo bá kú.

Ó dáa. Kúnlé, tú bébà ẹ. Kà á sókè. Má kà á bí òyìnbó, kà á bí tíṣà Ofin. Tó o bá kà á tán, kó o tún un kà bí ẹni tí ara ọmọ ẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́ ẹ̀, tí mọ́tò ò tíì dé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sẹ́nu ẹ nígbà yẹn, òun la máa sọ ọ́.

Ó yá. Ti àkọ́kọ́.