Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ Fún Ọ̀gá Osagie

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọkùnrin kan kú nítorí ohun tó ti ẹnu mi jáde. Ọlọ́pàá ló yìnbọn lù ú, àmọ́ èmi ni mo rán ìbọn náà. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ìyàwó mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀.

Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ti kú ní oṣù tó kọjá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọmọ Àyèká ni mí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní iléèwé. Púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni ìyá mi ń ṣe tà tó fi tọ́ mi. Mo jáde ìwé mẹ́fà, mo ka iléèwé módà, mo sì rí iṣẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òkìtìpupa. Inú ìyá mi dùn. Ó ní ìyà tí òun jẹ kò já sí asán.

Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó-orí ga ju agbára àwọn àgbẹ̀ wa lọ. Epo pupa kò lówó lórí. Wọ́n ní àwọn kò san mọ́. Wọ́n lé àwọn agbowó-orí wọ igbó, wọ́n sun ilé kóòtù kan, wọ́n sì gé igi dí ojú ọ̀nà.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí. Òfin ní kí àwọn arúgbó má san owó-orí. Èmi ni mo ní kí àwọn agbowó-orí máa gbà á lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì máa mú ìpín tèmi wá. Mo fi kọ́ ilé fún ìyá mi. Mo ń sọ fún ara mi pé gbogbo ayé ló ń ṣe é.

Ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá lu àwọn ènìyàn, wọ́n sì kó ewúrẹ́ wọn lọ. Ìjà wá le sí i. Ìgbà náà ni wọ́n rán ọ̀gá kan sí wa láti ìhà Bìní. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ọ̀gá Osagie. Ọlọ́pàá lásán ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gòkè díẹ̀díẹ̀, tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le jù ni wọ́n máa ń rán an lọ. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, áńbọ̀sìbọ́sí Ìkálẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó kó wá náà kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo bá sọ fún un lédè òyìnbó ni ó gbọ́.

Ní ọjọ́ tó dé, ó rí ọlọ́pàá kan tó so adìẹ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní kó dá a padà fún ẹni tó ni ín, kó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi ni mo mú ọlọ́pàá náà lọ. Ìyá arúgbó kan ló ni ín; ó gbá adìẹ rẹ̀ mọ́ra, ó ń wo ọlọ́pàá tó wà nílẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń lọ sí Igbotako, Ọ̀gá sọ ìtàn kan tó kà lédè Látìn ní iléèwé fún mi. Ó ní wọ́n rán ọ̀gágun ará Róòmù kan lọ ṣàkóso ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń ṣọ̀tẹ̀. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò mọ̀ ju idà lọ. Òun kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń bí àwọn ènìyàn nínú, ó sì rí i pé àwọn tó ń gba owó-orí ló ń rẹ́ wọn jẹ. Ó fòpin sí i. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn fi ohun ìjà sílẹ̀ fúnra wọn.

“Akọ̀wé,” ó ní, “ẹnì kan wà tó ń jẹ nínú wàhálà yìí. Tí mo bá rí i, ìjà parí.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, sà.”

Mo bi í bí ọ̀gágun náà ṣe parí ayé rẹ̀. Ó ní ọba Róòmù jowú rẹ̀, ó pè é padà sílé, kò sì fún un níṣẹ́ mọ́ títí tó fi kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní ọba kankan tó máa jowú òun.

Bàbá Ikúmápàyí ni olórí àwọn àgbẹ̀ náà. Abúlé rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ abúlé náà pamọ́. Òun àti bàbá mi jọ máa ń kọ ẹyìn nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sí ọlọ́pàá tó láyà láti wọ oko rẹ̀. Ọ̀gá Osagie fi ìbọn sílẹ̀, òun àti èmi fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó lórí ìtì igi. Ìyàwó bàbá, Ìyá Dúpẹ́, gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n sọ fún un pé òun kò tíì jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí gbogbo ènìyàn pàdé ní pápá iléèwé, kí wọ́n parí ìjà.

Wọ́n wá ní ọjọ́ náà, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn ọlọ́pàá dúró lẹ́yìn wa. Bàbá Ikúmápàyí dìde, ó sì sọ̀rọ̀ lédè wa. Mo rántí gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, a gbọ́ ohun tí ẹ wí. A óò san èyí tí agbára wa ká. Àwọn ọ̀dọ́ yóò kó igi kúrò lójú ọ̀nà. Àmọ́ ẹnì kan wà ní ọ́fíìsì yín tó ń rán àwọn agbowó-orí sí àwa arúgbó. Mo ti mọ̀ ọ́n. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ṣá a pa. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sí yín létí, kí ẹ bá mi bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí.”

Ó wá wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìkórìíra lójú rẹ̀. Ó ń wò mí bí bàbá mi ṣe máa ń wò mí tí mo bá fọ́ àwo.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ aṣọ. Ọ̀gá ní, “Akọ̀wé, kí ló wí?”

Mo lè sọ òótọ́. Iṣẹ́ ni ǹ bá pàdánù, bóyá kí n ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀. Mo rí ìyá mi lọ́kàn, níwájú ilé tí mo kọ́ fún un, tí àwọn ènìyàn ń tutọ́ sí i lára. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lédè òyìnbó, tí àwọn àgbẹ̀ kò gbọ́, pé, “Ó ní ẹ tàn wọ́n wá síbí ni. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ mú yín.” Bí bàbá ṣe ń sún mọ́ wa, mo pariwo lédè òyìnbó kan náà kí àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: “Ó ti mú nǹkan lọ́wọ́, sà!”

Ọ̀gá kígbe pé kí wọ́n má yìnbọn. Ọlọ́pàá kan ti yìn ín. Bàbá dúró bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, ó sì rọra jókòó sórí iyanrìn. Ni gbogbo pápá bá dàrú, àwọn ìbọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá nìkan kọ́ ló kú lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá wà lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà bàbá, ó ń pè é ní bàbá lédè tirẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá ni ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ewé dì. Ọ̀gá ni ó mú un wá fún.

Mo ṣubú lulẹ̀, mo ń ké. Nítorí pé wọ́n rí mi nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ará abúlé sọ pé mo ń bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n má yìnbọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ títí dòní. Wọ́n ní Osagie jẹ oúnjẹ bàbá, ó sì pa á.

Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá lẹ́yìn náà dáná sun ilé àwọn àgbẹ̀. Ìjọba ṣe ìwádìí, àmọ́ ẹ̀rù kò jẹ́ kí àgbẹ̀ kankan wá jẹ́rìí. Mo gbé Bíbélì sókè, mo sì tún irọ́ náà pa. Wọ́n yọ Ọ̀gá Osagie nípò, wọ́n sì lé e lọ sílé. Kí ó tó lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ lo fẹ́ gba ẹ̀mí mi là. N kò ní gbàgbé.” Ní ọdún yẹn, wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ogun parí. Mo rò pé màá gbàgbé. Ìyá Dúpẹ́ ń gbé púpurú wá fún mi nígbàkúùgbà tó bá wá sí ọjà Òkìtìpupa. Ó ní èmi ni mo dúró ti ọkọ òun dópin.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Ọ̀gá Osagie ni. N kò tètè dá a mọ̀. Ó ti rù, ọtí sì ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ nìkan ló lè bá mi túmọ̀ rẹ̀.”

A lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí erùpẹ̀ níwájú ilé. Ìyá Dúpẹ́ wò ó títí. Kò ṣépè. Ó ní, “Bi í léèrè fún mi. Kí ọkọ mi tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní òun fẹ́ sọ orúkọ ẹnì kan sí i létí. Kò sọ ọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ọkọ mi sọ ọ́ fún un? Tó bá lè sọ orúkọ náà fún mi, màá dárí jì í.”

Ọ̀gá gbójú sókè. “Kí ló wí?”

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí Ọlọ́run fún mi láyè. Mo ní, “Ó ní òun kò ní dárí jì yín láéláé. Ó ní kí ẹ máa lọ.”

Ó dìde, kò gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó sì lọ. Mo sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé ó ní òun kò gbọ́ orúkọ kankan.

Ní oṣù tó kọjá, ọlọ́pàá Bìní kan sọ fún mi pé Osagie ti kú, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé nígbà tó kú.

Mo lọ bá Ìyá Dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìyá, èmi ni mo pa ọkọ yín. Èmi ni orúkọ náà.”

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. “Ọmọ mi, gbogbo wa la ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo ní kó mú ẹja dání, mo ní kó tètè máa lọ. Yé dá ara rẹ lẹ́bi. Osagie ni Ọlọ́run máa bi.” Mo tún un sọ. Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ní ìbànújẹ́ ti kó sí mi lórí, ó sì pe àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbàdúrà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹni tí mo bà láyé jẹ́ ti kú, ó sì gbà pé obìnrin náà kórìíra òun. Obìnrin náà kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ bàbá ìjọ tí èmi àti Ìyá Dúpẹ́ jọ ń lọ, òun ló sì dá a lábàá. Lánàá, ó wá wọn èjìká mi fún aṣọ funfun tó fẹ́ rán fún mi. Ó ní mo ti rù jù, kí n máa jẹun.