Abẹ́ Àtẹ̀gùn Tí A Kò Kà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò pè mí jáde, wọn kì í sọ ọ́ fún wa nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ó lè yà yín lẹ́nu pé ìyá arúgbó tó ti rí ọmọ ọmọ ló ń sọ báyìí. Ó ń ya èmi náà lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn ló mọ̀ mí sí onísùúrù.

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Nígbà tó kú, mo kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, mo ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ bó ṣe ń gbà á. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ kọnkéré. Wàsíù, ọkọ ọmọ ọmọ mi, ló ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀rọ náà á tún sọ iye kọnkéré tí ibì kọ̀ọ̀kan máa gbà.

A ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀rányàn. Ẹ̀rọ sọ ti òpó, ó sọ ti dẹ́kìn tó pín òkè sí ìsàlẹ̀. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó dákẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ibi tó yẹ kí iye rẹ̀ wà ṣì ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n ń ta ayò. Òjò ń ṣú, onílé ń pè mí ṣáá. Ó sú mi.

"Wàsíù, àbí kọ̀ǹpútà tìẹ náà ń gba ààwẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó ń ka ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kò fẹ́ sọ iye kọnkéré tó máa gbà. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn yọ sí i."

Nígbà tó yá, iye kan jáde. Wàsíù wò ó, ó mirí. "Èyí kéré. Ẹsẹ̀ nìkan ló kà. Kò ka abẹ́ tó gbé wọn dúró."

"Kọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀."

"Màmá, kò pé o!"

"Mo ní kọ ọ́! Kí n tó bí ìyá ìyàwó rẹ ni wọ́n ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì n'Ìbàdàn."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Inú ń bí mi ni, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú.

Múfù, olórí àwọn bíríkìlà, wo pákó tí wọ́n fi iye náà kàn sílẹ̀ láti da kọnkéré àtẹ̀gùn sí. "Ìyá, abẹ́ yìí fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì."

"Ṣé tíì lo fẹ́ fi mu ún ni? Dà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dà á.

Kí àwọn ayálégbé tó kó wọlé, abẹ́ àtẹ̀gùn là. Múfù ní ká fọ́ ọ, ká tún un dà. Mo ní kí wọ́n rẹ́ ẹ, kí wọ́n kùn ún lọ́dà. Ìyá Rúkà ló kọ́kọ́ kó dé, òun àti Rúkà ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá, àtẹ̀gùn yìí ń mì lẹ́sẹ̀ mi o."

"Tuntun ni. Ó máa mọ́ ọ lára."

Kò pẹ́ tí àtẹ̀gùn náà fi wó. Òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kú sábẹ́ rẹ̀. Rúkà wà níléèwé.

Mo tún ṣe èyí tó burú jù. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé Wàsíù ló kọ iye náà. Wọ́n mú un lọ. Ọmọ ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú mi: "Màmá, ẹ sọ òótọ́, ẹ dá ọkọ mi padà fún mi." Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Múfù ló tú gbogbo rẹ̀ síta ní kóòtù, wọ́n sì dá Wàsíù sílẹ̀. Adájọ́ ní nígbà tí mo ti rí ibi tó là, tí mo sì ní kí èèyàn máa gùn ún, ìpànìyàn ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ máa ń súni. Bó bá sú yín, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, ẹ lọ bọ́jú. Bí ẹni tó kéré sí yín bá ní kò pé, ẹ bi í pé kí ló kù. Rúkà máa dàgbà, á wá ilé gbé. Ọ̀kan nínú yín ló máa kọ́ ilé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ kó dúró.