Sàbítíù Alálùwàlá-Kan

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ tò sẹ́yìn níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ, mo kí gbogbo wa ní kíkí àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ, kẹ́nikẹ́ni má bàa ní òun kò mọ̀. Ara tí a gbé wọ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Àmánà ni, ohun ìfipamọ́. Ọlọ́hun tó ní kí a máa kírun, Òun náà ló dá omi kí a máa mu ún. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pa èkejì, kì í ṣe Ọlọ́hun ló ń sìn. Ta ló wá ń sìn? Ẹ ó gbọ́.

Àdúgbò kan wà ní Ìsẹ́yìn tí àwọn ahunṣọ pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni Wúlémọ́tù ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Sàbítíù. Aṣọ òfì ni Sàbítíù ń hun, òun náà sì ni ladáànì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí wọn. Ohùn rẹ̀ dùn. Tó bá pe ìrun Àsùbáà, ọ̀lẹ gan-an á dìde. Wúlémọ́tù a máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ohùn yẹn lòun fẹ́, pé ọkùnrin tó ni ín kàn tẹ̀ lé e wá ni.

Nígbà ọyẹ́ kan, àlejò kan wá ṣe wáàsí fún wọn. Ó yin àwọn tí kì í fẹ́ wà láìní àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rere ń dà tó bá bọ́ sí etí ẹni tó ń wá ìyìn. Sàbítíù délé, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àlùwàlá tí òun bá ṣe fún Àsùbáà lòun yóò fi kírun títí dé Ìṣáì lálẹ́.

Wúlémọ́tù rẹ́rìn-ín. "Bàbá Mutíátù, ìtọ̀ a máa ba àlùwàlá jẹ́. Tó bá wá ń gbọ̀n yín ńkọ́?"

"Ohun tí kò wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ jáde?"

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n Sàbítíù, ẹ̀yin jàmáà! Kò mu omi láàárọ̀, kò mu ún lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn Ìṣáì ló máa ń fi omi kan ẹnu, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọlọ́hun ní kó gba ààwẹ̀ oṣù kan lọ́dún, òun sọ gbogbo oṣù tó kù di ààwẹ̀ omi. Ta ló rán an?

Ní ilé òfì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á bu omi tútù láti inú ìkòkò, wọ́n á sì máa mu ún níwájú rẹ̀ kí ọ̀fun wọn máa dún.

"Ladáànì, ràkúnmí ni ẹ́ ni?" Mùráìnà ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í.

"Ràkúnmí kẹ̀?" ẹnì kan gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ràkúnmí tó bá dé etí odò á bẹ̀rẹ̀ mu omi. Tiwa yìí ń wo odò níran ni."

Sàbítíù kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ojú mi ni yóò máa tàn."

"Ojú á tàn," ni Mùráìnà wí, "ṣùgbọ́n ètè ẹ tó ń bó yìí ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ní mọ́sáláṣí, wọn kò ṣẹ̀sín. Alálùwàlá-Kan ni wọ́n ń pè é. Bí àlejò bá wá, Ìmáàmù á nawọ́ sí i: "Ẹ wo ladáànì wa. Àlùwàlá kan, ìrun márùn-ún. Irú wọn kò pọ̀ mọ́ láyé." Sàbítíù á tẹrí ba bí ẹni tí ojú ń tì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí.

Wúlémọ́tù nìkan ló rí ohun tó wà lẹ́yìn ìyìn. Òun ló ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Òun ló rí i pé ìtọ̀ ọkọ òun ti pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, tó sì ń rùn. Òun ló ń rí i bó ṣe ń fọwọ́ ti ìbàdí kó tó lè nàró láti ìtẹ̀ba rúkúù. Ó po ẹ̀kọ mímu fún un láàárọ̀, ó kọ̀ ọ́. Ó bó ọsàn fún un, ó ní ọsàn náà, omi ni.

"Bàbá Mutíátù, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín. Tí àlùwàlá bá bàjẹ́, ẹ tún òmíràn ṣe. Omi àlùwàlá kò wọ́n."

"Kí àwọn èèyàn wá rí mi níbi tí mo ti ń tún àlùwàlá ṣe? Pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè mí?"

Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló wá ni àlùwàlá náà báyìí? Ṣé Ọlọ́hun ni, àbí àwọn tó ń wòran? Ṣekárími ti wọ inú ìjọsìn, ilé ti ń jó lábẹ́lẹ̀.

Wúlémọ́tù da ìborùn borí, ó gba ilé Ìmáàmù lọ. Ìmáàmù ní, "Ìyá Mutíátù, ẹ má dá ọkọ yín lẹ́kun iṣẹ́ rere. Ọlọ́hun tó ń ṣe é fún ni yóò ṣọ́ ọ." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó padà sílé. Ta ló tún kù tí yóò fẹjọ́ sùn?

Ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀dà kan dé, oòrùn mú ganrínganrín. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, Sàbítíù dìde láti pe ìrun. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde, èkejì kò jáde. Ó di ìhà mú, ó ṣubú, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Wọ́n gbé e dé ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe Wúlémọ́tù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, òkúta ló dí ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Ó ti pẹ́. Kíndìnrín kan ti kú, èkejì ń kú lọ. Ṣé wọn kì í mu omi ni?"

Wúlémọ́tù wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Wọn kì í mu ún," ló dáhùn.

Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lára, ìtọ̀ ń kán sínú àpò ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀kán ìtọ̀ kan ba àlùwàlá òun jẹ́, kò lè dá a dúró mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń ka Fátíhà. Nígbà tó yá, ìtọ̀ náà dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ìgbà yẹn ni òùngbẹ wá ń gbẹ ẹ́, òùngbẹ tó ju gbogbo èyí tó ti gbẹ ẹ́ rí lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀: kíndìnrín kò lè gbé omi mọ́, ìdérí ìgò ni kí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n fún un.

Wúlémọ́tù bu ìdérí kan sí i lẹ́nu.

"Ìyá Mutíátù, fún mi sí i."

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Díẹ̀ sí i. Mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́."

Ìgò omi kún lọ́wọ́ obìnrin yìí, kò sì lè fún un. Ó dé e, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọkọ rẹ̀ má bàa máa rí i, ó sì sunkún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Sàbítíù kú.

Ọjọ́ àdúrà fídáù rẹ̀, èrò pọ̀. Ìmáàmù dìde. "Ẹni tó kú yìí," ló wí, "èèyàn Ọlọ́hun ni. Àlùwàlá kan, ìrun—"

"Ẹ dákun, Alfa." Láti àárín àwọn obìnrin ni ohùn náà ti wá. Wúlémọ́tù ni. Kò pariwo. "Ẹ má yìn ín mọ́. Ìyìn yẹn ló pa á."

Ìmáàmù dúró. Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ̀yin jàmáà, Ànábì wa jẹun, ó sì mu omi. Ìwọ wá fẹ́ ṣẹ̀sìn ju òjíṣẹ́ lọ? Ìwọ ìyá tó ń sé ìtọ̀ mọ́ra nítorí ọjà, ìwọ bàbá tó ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, tó ń wí pé "Ọlọ́hun ń bẹ": Ọlọ́hun ń bẹ lóòótọ́, yóò sì bèèrè àmánà Rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń pa ara rẹ̀, ẹ má rò pé ọwọ́ yín mọ́. Mi ò yọ àwa Alfa sílẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba, gbà wá lọ́wọ́ ìjọsìn tó jẹ́ pé ojú ayé la fi ń ṣe. Fún wa ní òye tí a ó fi tọ́jú ara tí O fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́. Má jẹ́ kí a máa bẹ̀bẹ̀ fún oore Rẹ nígbà tí ara kò lè gbà á mọ́. Foríjin Sàbítíù, kí O sì tu Wúlémọ́tù nínú. Àmín.