Abẹ́rẹ́ Ló Wo Orúnkún Mi Sàn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden, nílùú òyìnbó níbí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pè mí ní Màmá Olórin, ẹ fún mi láyè kí n sọ òdodo kan tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà òtútù. Ìwé kẹta ni mo kà dé, kálámù sì wúwo lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kọrin bí mo ṣe ń kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kó tán lẹ́nu mi ná.

Ẹ rántí ọjọ́ Ìsinmi tí mo gbé ọ̀pá mi sókè níwájú pẹpẹ, tí mo ní òróró tí Pásítọ̀ Mobáyọ̀ ta sí mi lórí ló wo orúnkún mi sàn mọ́jú. Mo jó, mo fò sókè, mo dá orin sílẹ̀: “Orúnkún mi ti jó, ó ti jó o, ẹni tó gbé mi dìde, n ó yìn ín.” Gbogbo yín gbè é. Ẹnì kan fi fóònù yà á, ó sì lọ káàkiri títí dé Ìbàdàn. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Orúnkún yẹn ti ń sàn díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Obìnrin ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Ìyá Lìn ló ń wò ó, ní Adelphi, nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ.

Ọkọ ọmọ mi, Ṣàmsúdéènì, ló mú mi débẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ó máa ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Lìn ni, nítorí pé nọ́ọ̀sì ni Oyinkán ọmọ mi, kì í fẹ́ gbọ́ ohun tí kò bá ti ọsibítù wá. Lọ́jọ́ kan, àna mi rí mi tí mò ń fìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àánú ṣe é. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ṣùgbọ́n tí Oyinkán bá gbọ́, ẹ ò mọ̀ mí o.” Mo ní, “Ìwọ ta ni? Mo ti gbàgbé orúkọ rẹ.” Bí èmi àti àna mi ṣe di olè kan náà nìyẹn.

Ìyá Lìn dàgbà jù mí lọ, síbẹ̀ ó nà ró ṣánṣán. Jessica, ọmọ rẹ̀, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó, èmi náà sì ń fi òyìnbó mi tó ṣẹ́ dáhùn. Ó ní kí n yọ ahọ́n síta. Èmi! Ẹni tí mo bá yọ ahọ́n sí láyé mi, ìjà ni. Mo yọ ọ́. Ó wò ó pẹ́, ó wá fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, ó dijú bí ẹni tó ń gbọ́ orin láti òkèèrè. Ó ní, “Ta lo ń bínú sí?” Mo ní orúnkún ni mo gbé wá, n kò gbé ìbínú wá. Jessica rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ní odò kan ṣoṣo ni èèyàn, tó bá dí lókè, ìsàlẹ̀ á gbẹ. Ara àti ọkàn kì í gbé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sunkún lórí ibùsùn tó tẹ́ mi sí, nítorí òótọ́ ni. Mò ń bínú sí ọkọ mi tó kú kó tó mú mi padà sílé.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ó gún mi ní orúnkún, ní àtẹ́lẹsẹ̀, àní ní etí, kò sì dùn mí tó ẹ̀fọn. Ó finá sí ewé gbígbẹ kan, ó gbé e sún mọ́ orúnkún mi títí ooru fi wọ egungun. Ó kọ́ mi kí n máa mí kanlẹ̀ dé ikùn bí ọmọ ọwọ́. Ó ní láàárọ̀ kí n máa rìn jẹ́ẹ́ létí adágún Greenbelt, kí n máa gbé ọwọ́ bí ẹni tó gbé omi tí kò fẹ́ kó dà. Èmi fi orin tèmi kún un, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ibẹ̀ ti mọ̀ mí. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n máa lo oògùn ọsibítù mi lọ, kí n má sì ju ọ̀pá sílẹ̀ lójijì. “Ara yín ló ń wo ara rẹ̀,” ni Jessica sọ fún mi, “abẹ́rẹ́ kàn ń kan ilẹ̀kùn ni.”

Èéfín ewé yẹn tó lẹ̀ mọ́ aṣọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àṣírí wa nílé. Oyinkán ti ibi iṣẹ́ dé, ó fa imú. “Ṣàmsúdéènì! Igbó lo ń mu báyìí? Nínú ilé tí ìyá mi wà?” Àna mi wò mí. Mo wo òkè àjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọmọ ọlọ́mọ gba èébú títí, kò tú mi síta.

Kí ló dé tí mo fi purọ́? Pásítọ̀ ti wàásù pé ẹni tó bá jókòó tó dijú, tó ń mí bí àwọn ará Ìlà-Oòrùn ayé, ẹ̀mí àjèjì ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Èmi ló ń dá orin, ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má gba máíkì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ mi ti ń gbé, tí ẹ bi mí léèrè, òróró ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ìyìn sì dùn, n kò ní tàn yín.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n Ìyá Tóbi ń bẹ, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń jókòó tì mí. Orúnkún tirẹ̀ burú ju tèmi lọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ yẹn, ó wá bá mi nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. “Ìyá Oyinkán, èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí. Ṣé òróró nìkan ni? O ò lo nǹkan kan kún un?” Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún mi? Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, “Ìgbàgbọ́ ni. Ìwọ sá ju ọ̀pá yẹn nù.” Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e pé, wọ́n ta òróró sí Ìyá Tóbi lórí, ó sì ju ọ̀pá nù. Èmi ni mò ń dá orin lọ́wọ́. Ó gbẹ́sẹ̀, ìjọ hó yèè. Ó tún gbé ìkejì, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú lu àtẹ̀gùn pẹpẹ, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ẹ wo ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: n kò dá orin náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ dúró, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Mo gbé ọsàn lọ kí i nílé ìtọ́jú. Ó ń sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ìrora. Ó ní, “Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ jù mí lọ, Ìyá Oyinkán. Ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ Ẹ́ kó dárí àìgbàgbọ́ mi jì mí.” Èmi wá gbé ọwọ́ lé e lórí! Mo ní, “Baba, dárí jì í, ọkàn rẹ̀ ló ṣiyèméjì.” Mo tún kọrin lé e. Ó ṣe àmín. Èmi tí mo ṣẹ́ ẹ ní ìbàdí, èmi náà ni mo tún ń bá a tọrọ ìdáríjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sétí adágún. Mo mí, èémí kò kọjá àyà. Mo la ẹnu, orin kò jáde. Láti kékeré mi, orin kò kọ̀ mí rí. Mo pe àna mi pé kó wá gbé mi. Ó ní, “Ṣé Ìyá Lìn la ń lọ bá?” Mo ní, “Rárá, Ìyá Tóbi ni. Abẹ́rẹ́ kò lè gún eléyìí.”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ létí ibùsùn Ìyá Tóbi.

“Abẹ́rẹ́,” ló wí. “Abẹ́rẹ́, Ìyá Oyinkán.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi ń sunkún pé Ọlọ́run kọ̀ mí, ìwọ jókòó síbí, ò ń bó ọsàn fún mi.”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, “Dìde, jàre. Ṣé kí n lè rí i pé orúnkún tìrẹ ti ń ká ni?” Ó kọjú sí ògiri. “Ibi tí o ti pa irọ́ yẹn ni kí o lọ gbé e mì. Tí o ò bá ṣe é, má wá kí mi mọ́ láyé.”

Mo lọ bá Pásítọ̀. Ó di orí mú. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rí yẹn ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró.” Mo ní, “Ó ti gbé ẹnì kan ṣubú, sà.”

Nígbà tí àkókò orin tó lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gba máíkì, mo dá tuntun:

Mo purọ́ o, mo purọ́ nílé Olúwa,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o.
Abẹ́rẹ́ ló wọ orúnkún mi, mo pè é ní òróró,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o.
Ìyá Tóbi gbà mí gbọ́, ọ̀rẹ́ mi ṣubú,
Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o.

Ìlù gbé e, ẹ̀yin náà sì gbè é! Ẹ ti ń jó kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹ ń gbè. Ibẹ̀ ni ìlù ti dá wáí. Oyinkán dìde láàárín èrò: “Mọ́mì! Kì í ṣe igbó nígbà náà?” Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún. Pásítọ̀ fọwọ́ bojú, ṣùgbọ́n kò gba máíkì.

A ò tíì délé tí fóònù fi dún nínú ọkọ̀. Ìyá Tóbi ni. Ó ti wo ìsìn lórí fóònù látorí ibùsùn.

“Ohùn rẹ gbọ̀n nígbà tí o dé orúkọ mi.”

“Ó gbọ̀n lóòótọ́.”

“Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Tún un kọ.”

Mo tún un kọ. Nígbà tí mo dé “ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o,” òun fúnra rẹ̀ ló gbè é láti òdìkejì, “Mo ti gbà, mo ti gbà o.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Má tíì yọ̀. Ìwọ lo máa máa tì mí nínú kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ṣáínà yẹn. Tí n kò bá sì rìn mọ́ láyé, wàá máa tì mí náà ni.”

“Màá máa tì ọ́,” ni mo wí. Ara mi fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ wa, tí ara yín bá yá, ẹ dárúkọ ọwọ́ tó wò yín, ì báà jẹ́ ọwọ́ tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Ọlọ́run kò ní bínú. Ẹlòmíràn ń ti ẹ̀yìn yín bọ̀ tòun tọ̀pá, ohun tí ẹ bá sọ ni yóò gbára lé. N ó dáwọ́ dúró báyìí. Dókítà egungun ti ní kí Ìyá Tóbi máa jáde, ó ti wọ bàtà, ó sì ń pariwo lórí fóònù pé mo ti pẹ́ jù láti wá tì í lọ sọ́dọ̀ Ìyá Lìn.