Wọ́n Ní Mo San Gbèsè Tán, Mo Fẹ́ Sá Lọ

Bàbá Ṣàngódèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga yín sílẹ̀, mi ò jókòó! Ẹ̀yin ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àbí ẹ̀yin kọ́? Ṣé torí mo san gbèsè mi tán lẹ ò ṣe ní í yá mi lówó mọ́? Háà! Èmi Àpèkẹ́, tí gbogbo Igbó-Ọrà ń ra gàrí lọ́wọ́ mi!

Owó ẹ̀rọ tí mo fi ń rin pákí, ọdún méjì lẹ dá fún mi. Nínú ọ̀wọ́n ọjà tí sáàpù ìjọba mú wá yìí, mi ò jẹ́ kó pé ọdún kan. Mo ta òfì ìgbéyàwó mi, mo ta ewúrẹ́ tòun toyún, mo kó gbogbo ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, torí mo rò pé bí ọrùn mi bá mọ́, ẹ ó yá mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wáá ni Japheth akọ̀wé yín sọ lánàá, lójú gbogbo èèyàn? Ó ní, "Ìyá Láńrewájú, ẹni tó bá sanwó lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń kúrò nílùú nìyẹn." Ó ní Láwàl tó ń san díẹ̀díẹ̀ làwọn mọ̀, òun làwọn ń rí lóṣooṣù. Láwàl! Láwàl tó ń sá sẹ́yìn balùwẹ̀ bí akápò bá ń bọ̀! Òun lẹ yá lówó!

Ẹ ní kí ni? Wọ́n ní mo ti rí ọkọ sí Èrúwà? Hẹ̀n-ẹ́n! Mo ti ń fura! Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni mo lọ kí, ìyàwó Japheth sì wà nínú ọkọ̀, ó ń wo àpò mi bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Ta sì ni ìyàwó Japheth? Àbúrò Láwàl ni! Bàbá, ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ mọ̀, ẹ dákẹ́?

Ọkọ mi kú, mi ò sá. Iná jó oko mi, mi ò sá. Ìgbà tí mo san gbèsè tán ni n ó wáá sá? Mo fi Ògún búra, irọ́ ni!

Ẹ ní kí n yá owó táṣẹ́rẹ́, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè tún gbà mí gbọ́? Gbèsè tí mi ò fi ṣe nǹkan kan? Láéláé!

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ kó gbogbo wọn, ká jọ lọ sóko mi lọ́nà Tápà. Pákí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ń bẹ níbẹ̀ lọ súà, kò tíì ga ju ìka lọ. Kí Japheth dúró láàárín ẹ̀, kó dá mi lóhùn: ẹni tó fẹ́ sá lọ, ṣé pákí ló ń gbìn?