Ohùn Ẹ̀bùnọlá Tí Mo Gé

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà yín. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ẹ̀kọ́ tó kàn lónìí ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú ohùn èèyàn, ẹ̀kọ́ tí mo ti ń fò fún ọdún mélòó kan. Àwọn kan nínú yín ti bi mí ní ìdí rẹ̀, mo sì dáhùn pé kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo fi ẹ̀kọ́ náà ṣe ni kò jẹ́ kí n lè kọ́ ọ mọ́. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Iléṣà ti sọ fún mi pé àìsàn inú ọmú mi ti kọjá ibi tí iṣẹ́ abẹ lè dé, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú sàréè. Lónìí ni ẹ ó mọ irú ẹni tó ń kọ́ yín.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni ìyálé nílé Àmúdà, ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí fún mi síwájú ilé wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé mo ní ìyàwó kan. Ẹ̀bùnọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Iperindo nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó wọlé tọ̀ wá wá, òun ló gba ìtọ́jú Àlájà, ìyá ọkọ wa, sọ́wọ́. Ó ń pọn omi ìwẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láràárọ̀, Àlájà kì í sì í jẹun kí ó má sí níbẹ̀. Mo ń wò ó. Lọ́jọ́ kan, Àmúdà sọ fún mi pé, “Ìyá Fáìzàh, kọ́ Ẹ̀bùnọlá ní kọ̀ǹpútà, kó lè máa ràn ọ́ lọ́wọ́.” Ohun tí etí mi gbọ́ yàtọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga mi.

Mo kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ẹ̀yin náà. Mo sọ fún un pé nǹkan méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀, iná tàn tàbí iná kú, òdo tàbí ení, àti pé gbogbo lẹ́tà, gbogbo àwòrán àti gbogbo ohùn, òdo àti ení náà ni ẹ̀rọ ń tò wọ́n sí. Kò tètè yé e. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fi í rẹ́rìn-ín lójú gbogbo kíláàsì. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò pẹ́ sí i ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lẹ́yìn ilé ìdáná, tó ń fi Ìjẹ̀ṣà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù. Bí mo bá ti yọ, á pa á. Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ jinlẹ̀, n kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara ti ògiri títí mo fi gbọ́ “Àǹtí”, orúkọ tó máa ń pè mí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun tó jọ, “Ibo ló fi í pamọ́ sí?” Kí ni mo fi pamọ́ tí wọ́n ń wá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti yàrá mi ní kọ́kọ́rọ́ bí mo bá ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Oúnjẹ tó bá sè, mo ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ìgbà náà ni a dé orí ẹ̀kọ́ ohùn. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé bá èmi nìkan, kó sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀bùnọlá kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ní, “Àlájà ní kí n kí gbogbo yín.” Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ ajá bàbá rẹ̀ ní Iperindo, tí ojú ajá náà ti fọ́, tí kò lè dìde mọ́. Ó ní, “Ajá bàbá mi ti darúgbó. Mo fẹ́ kó tètè kú, kí gbogbo wa lè sinmi.” Omi dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi, ibi tí ọ̀bẹ lè gbà ni mo ń wò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ kírun, mo gé “ajá bàbá mi” kúrò, mo sì mú “Àlájà” láti inú ìkíni rẹ̀, mo fi dípò. Iṣẹ́ náà kò le rárá. Lójú ẹ̀rọ, òdo àti ení kan kúrò, òmíràn dé. Mo gbé e lọ bá Àmúdà àti ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ: “Àlájà ti darúgbó. Mo fẹ́ kó tètè kú, kí gbogbo wa lè sinmi.” Àlájà ní, “Kó kú ló wí. Kò tilẹ̀ ní kí wọ́n kú.” Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí mi ìbá ti tú, nítorí Ẹ̀bùnọlá kò fìgbà kan sọ̀rọ̀ Àlájà láìbọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo yára fèsì, mo ní, “Àlájà, Ìjẹ̀ṣà mà ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àgbà nílé wọn nìyẹn.”

Wọ́n pè é. Ó kúnlẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì gbé ojú sókè wò mí. “Ohùn mi ni, ọ̀rọ̀ mi kọ́. Ajá bàbá mi ni mo ń sọ. Àǹtí, ẹ wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn.” Mo ní n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá kankan. Àmúdà yíjú sí mi. “Ìyá Fáìzàh, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé èèyàn lè yí i?” Mo dá a lóhùn pé, “Ohun tí èèyàn bá sọ ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kì í parọ́.”

Àbúrò Ẹ̀bùnọlá, Olúwatóbilọ́ba, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Iléṣà, pe Àmúdà pé òun ń bọ̀ lọ́la wá yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ẹ rántí ohun tí mo kọ́ yín: bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́, kọ̀ǹpútà kì í kó ẹrù inú yàrá náà jáde. Orúkọ ara ilẹ̀kùn ló ń nù. Ẹrù ṣì wà níbẹ̀ títí ayálégbé mìíràn yóò fi kó wọlé. Mo ti pa ohùn àkọ́kọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo da fíìmù àti àwòrán ìgbéyàwó sínú ẹ̀rọ títí ó fi kún dé ẹnu, mo pa wọ́n rẹ́, mo tún kún un. Nígbà tí ọmọkùnrin náà dé, ó wá a títí, kò rí nǹkan kan. Ó bọ̀wọ̀ fún mi síbẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, èmi ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè lórí fóònù. Ẹ̀kọ́ yín ń rú u lójú, ojú sì ń tì í láti tún bi yín. Nígbà kan tí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ, ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan pamọ́ sí ló ń bi mí.”

Mo gbọ́ ọ. Òtítọ́ dúró níwájú mi ní pálọ̀ ara mi, èmi àti Àmúdà ń wo ara wa, mo sì dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mo ti burú jù, ẹ má wá a nínú gígé tí mo gé ohùn. Ìdákẹ́ yẹn ni. Ẹ̀bùnọlá kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ lọ.

Ìfura tí mo gbìn kò bá a lọ. Àlájà kọ oògùn wọn. “Ta ló mọ ohun tó ti pò mọ́ ọn?” Mo ra òmíràn, wọ́n kọ ìyẹn náà. Mo gbé omi fún wọn, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mu níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru, apá kan ara wọn rọ, ẹnu wọn sì pa, títí wọ́n fi kú. Ẹ̀bùnọlá wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Àmúdà dá a padà lẹ́nu géètì. Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àmúdà. Kò nà mí, kò bú mi. Ó ní kí n wọ mọ́tò. A kọjá Iléṣà, títí a fi dé Iperindo. Ẹ̀bùnọlá ń sá kòkó lójú àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Àǹtí, ohùn mi ni Àlájà gbé sétí lọ sí ọ̀run. Ẹ kò lè bá mi yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́.” Ó tún ní, “Mi ò tíì lè dárí jì yín. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ́ mi.”

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọmọdé inú yín, ẹ ó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ọwọ́ yín yóò sì gbọ́n ju tèmi lọ. Bí ọkàn yín bá ń fura sí ẹnì kan, ẹ má lọ wá ẹ̀rí sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí tinútinú yóò rí i, bí kò bá sì rí i, á ṣe é. Ẹ lọ bá onítọ̀hún, kí ẹ bi í. Gbogbo ìgbà tí mo fi fara ti ògiri ilé ìdáná, n kò rìn yí ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti sọ pé, “Ẹ̀bùnọlá, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ìbá ti sọ fún mi.